Bàtà Tí Kò Mọ Ìkúnlẹ̀

Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ Olúyẹ́misí. Ibẹ̀ ló yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀, nítorí gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ náà ló máa ń bèèrè pé kí ló ṣe é. Kò wú, kò rọ, kò sì sẹ́ni tó ṣépè fún un. Ó fẹ̀ ni. Láti gìgísẹ̀, á máa bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹsẹ̀ ọmọlúàbí, ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó dé ibi ìka ni yóò là gbàràdà bí abẹ̀bẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan á sì fa ara rẹ̀ sẹ́yìn bí orogún tí kì í bá orogún sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ bàbá bàbá rẹ̀ ló jogún. Bàbá yẹn fi tirẹ̀ rìn láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Jẹ́bà, ó rìn ín padà, ẹnikẹ́ni kò sì bi í léèrè nọ́ńbà bàtà.

Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ọdún tí à ń wí yìí. Ilé ẹ̀kọ́ ń hù káàkiri bí olú, ẹni tó bá sì ti ka ìwé tíṣà jáde, gbogbo ilé ló ń pè é ní ọ̀gá kó tó rí ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá fún. Olúyẹ́misí ti kà á jáde. Ó sì ti di àyè mú fún tíṣà kan tó lọ bímọ, àmọ́ tíṣà náà ti bímọ, ó ti sọmọ lórúkọ, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó kù fún Olúyẹ́misí ni ìdí àtẹ òwú ìránṣọ ìyá rẹ̀ ní Ọjà Igbó, àfi bí ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin tuntun kan ní Ọ̀yọ́ bá gbà á. Tíṣà kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá.

Ọ̀gá tó bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀délé, ló mú ìròyìn náà wá. Kò sọ fún un pé kó lọ tún ìwé kà. Kò sọ nípa ìṣirò.

"Bàtà," ni ó wí. "Misis Adéníyì wà lára àwọn tó máa fi ọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹni tó bá wọ sálúbàtà lọ, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti ṣẹ́rí padà."

"Sà, ṣé bàtà ni wọ́n fẹ́ kó kọ́ ọmọ ni?"

"Olúyẹ́misí, ìwọ ṣáà wọ bàtà."

Bẹ́ẹ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀, Àṣàkẹ́, ṣe dé ìsọ̀ Kareem oníbàtà ní Ọjà Igbó. Kareem fúnra rẹ̀ wọ bàtà dúdú ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan tó ń dán yinrin, tí kì í wọ̀ àfi bó bá jókòó. Bó bá fẹ́ dìde rìn, á rọra bọ́ ọ, á ti ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà.

"Ẹ kú ọjà o, oníbàtà."

"Ẹ káàbọ̀, ìyá olówùú. Ta là ń rà fún?"

"Tíṣà mi nìyí. Ọ̀yọ́ ló ń lọ, wọ́n fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́."

Kareem bẹ ojú wolẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ tíṣà, ó tún un wò. "Ìyá, ṣé méjèèjì náà nìyí?"

"Ó ku ọ̀kan nílé," ni Olúyẹ́misí dá a lóhùn.

Kareem rẹ́rìn-ín, ó gbé bàtà obìnrin kan sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í, ó fi ṣíbí irin há gìgísẹ̀ rẹ̀, ó wá ń ti ẹsẹ̀ bí ẹni ń ti ewúrẹ́ wọnú ọkọ̀. "Ó ń wọlé bọ̀. Ó ń wọlé. Ẹ ò rí i pé ó ń wọlé?"

"Ìka mẹ́ta ló wọlé, sà. Àwọn yòókù ṣì dúró níta."

"Bàtà máa ń gbà, àǹtí. Awọ ni. Tí ẹ bá wọ̀ ọ́ fúngbà díẹ̀, á mọ ẹni tó ni í."

"Kó tó mọ̀ mí, ṣé ẹ̀mí mi á ṣì wà níbẹ̀?"

Ó gbé òmíràn wá, pupa. Ó gbé èyí tó ní ìdè lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbé èyí tí wọ́n lẹ òdòdó mọ́ lórí, òdòdó náà já nígbà tí wọ́n jọ ń tì í. Ni Kareem bá nu òógùn ojú, ó ní, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Obìnrin kì í ṣáà ní irú ẹsẹ̀ báyìí."

Àṣàkẹ́ ti jókòó lórí àpótí láti ìgbà yẹn. Ó dìde.

"Obìnrin kì í ní kí ni? Kareem, èmi lò ń bá wí àbí ọmọ mi? Èmi ni mo bí i, ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi jáde, agbẹ̀bí kà á, kò ní ó pọ̀ jù. Àwọn tó rán bàtà, ta ni wọ́n rí kí wọ́n tó rán an? Wọ́n wá wo ẹsẹ̀ wa rí? Wọ́n rán ti ẹsẹ̀ tiwọn, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, ó gúnlẹ̀ síbí, ìwọ wá jókòó tì í, o ní ẹsẹ̀ ọmọ mi ló jẹ̀bi. Èwo ló kọ́kọ́ dáyé nínú ẹsẹ̀ àti bàtà?"

"Ẹ má bínú, ìyá."

"N ò bínú. Dá mi lóhùn ni!"

Kareem wọ inú ìsọ̀ lọ, ó gbé bàtà aláwọ̀ igi kan jáde, olókùn, ẹnu rẹ̀ rí roboto. Olúyẹ́misí ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ wọlé láìjà. Gbogbo ìka tẹ́ sílẹ̀, wọ́n rọra mí. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó tilẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Bọ́ ọ," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Màmá, ó bá mi mu."

"Mo ní bọ́ ọ. Bàtà ọkùnrin nìyẹn. Ṣé tíṣà ni wọ́n ń wá ní Ọ̀yọ́ àbí akódà?"

Bẹ́ẹ̀, ìyá yìí kan náà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹjọ́ ẹsẹ̀ da ọjà rú ni kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà sinmi. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gàn dùn ún, ojú ẹlẹ́gàn sì ń bà á lẹ́rù ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Bàtà funfun kan, tó ga níwọ̀nba lẹ́yìn, ni wọ́n rà níkẹyìn, nítorí òun ló tóbi jù nínú èyí tí obìnrin lè wọ̀ kí aládùúgbò má sọ̀rọ̀. Ó fún. Gbogbo wọn mọ̀ pé ó fún.

Ràmọ́tà, tí wọ́n jọ ń gbé agboolé, ló sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ó ní kí wọ́n rọ ẹ̀wà gbígbẹ kún inú bàtà, kí wọ́n bu omi sí i, kí wọ́n fi aṣọ dì í pinpin. Ẹ̀wà á wú, bàtà á fẹ̀ tipátipá. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà wú, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti ń yọ èhù. Bàtà fẹ̀, ó sì ń rùn bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé láti fọ̀. Wọ́n sá a sóòrùn díẹ̀, wọ́n fi ẹfun kùn ún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, gbogbo agboolé jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Olúyẹ́misí wọ̀ ọ́, ó rìn láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Wọ́n ní kó yípo, ó yípo. Wọ́n ní kó dúró bíi pé Misis ń wò ó, ó dúró.

"Ó ń dùn ọ́?" ni Ràmọ́tà bèèrè.

"Kì í ṣe púpọ̀."

"Ó yẹ ọ́ ju bó ṣe ń dùn ọ́ lọ," ni Àṣàkẹ́ wí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Wọ́n ní kó rìn, wọ́n ní kó dúró, wọ́n ní kó jókòó. Nínú gbogbo wọn, àwọn tó jẹ́ pé láti kékeré ni wọ́n ti ń kúnlẹ̀ kí èèyàn láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sí ẹnì kan tó ní kó kúnlẹ̀ wò.

Ó wọ bọ̀lẹ́kájà dé Ọ̀yọ́ pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀, ó fi ìwé ìròyìn di bàtà funfun náà, ó gbé e lé itan. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Àníkẹ́ ń gbé, àbúrò ìyá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Màmá Ọ̀yọ́. Aládùúrà ni, ọlọ́jà aṣọ sì ni. Àdúrà àti ìkíni kò sì ní ìwọ̀n lẹ́nu rẹ̀. Olúyẹ́misí kúnlẹ̀ kí i.

"Ìyẹn nìkan?" ni Màmá Ọ̀yọ́ wí. "Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, bí ìgbà tí nǹkan bọ́ sílẹ̀ tí ẹ fẹ́ ṣà á ni ẹ ṣe ń kúnlẹ̀. Gbọ́ mi dáadáa. Olóyè Bámgbóṣé wà níbẹ̀ lọ́la. Òun ló fún wọn nílẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó bá kí i láàbọ̀, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló ń bá a sọ. Orúnkún méjèèjì ni kó kanlẹ̀, kí o sì dúró níbẹ̀ títí yóò fi ní kí o dìde. Kúnlẹ̀ kí n rí i."

Olúyẹ́misí tún kúnlẹ̀. Màmá Ọ̀yọ́ ní ó sàn díẹ̀. Sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, yàrá kan tó ń rùn fún ọ̀dà tuntun ni wọ́n ti ń pe àwọn tó wáṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjì péré ló wá: òun àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Marufat, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré tó jẹ́ pé bàtà ṣì ń yọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Marufat ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Olúyẹ́misí dúró ní gbọ̀ngán. Bó ti ń dúró ni bàtà ń fún un sí i. Ẹ̀wà ti jáde, omi ti gbẹ, awọ sì ti ń rántí bí òun ṣe rí kí wọ́n tó fi ipá mú òun. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, lẹ́yìn náà kò mọ̀ wọ́n mọ́.

Wọ́n pè é. Àwọn mẹ́ta ló jókòó lẹ́yìn tábìlì. Olóyè Bámgbóṣé wà láàárín, agbádá rẹ̀ gba àga rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ti ẹni tó tẹ̀ lé e. Misis Adéníyì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, nínú ooru Ọ̀yọ́. Lọ́wọ́ òsì ni Pásítọ̀ Oyèdèjì, ọkùnrin kan tó rẹlẹ̀, òun nìkan sì ni bébà wà níwájú rẹ̀.

Olúyẹ́misí rìn dé àárín yàrá, ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀.

Ẹni tó rán bàtà yẹn, bóyá inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ti ń kúnlẹ̀, tìmùtìmù sì wà níbẹ̀ fún un. Kò mọ̀ pé èèyàn lè kúnlẹ̀ ní ẹnu iṣẹ́, ní ojú ọ̀nà, ní ẹ̀bá kànga. Ó fi àtẹ́lẹ̀ líle bíi pákó sí i. Nígbà tí ẹsẹ̀ Olúyẹ́misí ṣẹ́po láti kúnlẹ̀, bàtà kọ̀ láti ṣẹ́po. Ti ọ̀tún ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, fàà, ọmọ ìka tó kéré jù sì yọrí síta. Ti òsì kò ya. Ó di gbogbo ìka tó wà nínú rẹ̀ mú bí pàkúté. Bó ṣe fẹ́ tú u sílẹ̀ ni pajápajá gba gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìka dé ìdí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

"O káre, ọmọ mi," ni Olóyè wí. "Dìde."

Kò dìde.

"Mo ní kí o dìde, ọmọ."

Kò dìde. Ó dorí kodò, ó ń fi eyín jẹ ètè.

Ojú Olóyè là. Ó yíjú sí Misis Adéníyì. "Ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ rí ohun tí mo ń sọ láti àná? Ti àkọ́kọ́ yẹn, ó kàn tẹ̀ díẹ̀ bí ẹyẹ tó fẹ́ mu omi, ó ti nàró. Èyí, mo ní kó dìde, ó ní kò tíì tó òun. Ọmọ ta ni ọ́? Láti ibo?"

"Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Bàbá."

"Ògbómọ̀ṣọ́! Wọ́n ṣì ń tọ́mọ níbẹ̀? Ó dáa. O ò ní fi orúnkún yìí bẹ ìkà."

"Àmín, sà."

"Ibi tí o bá kúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ ni ire yóò ti bá ọ."

"Àmín," ni Olúyẹ́misí fi ìrora wí, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n. Olóyè rò pé ọkàn rẹ̀ ló gbọ̀n. Ó tún àdúrà náà gbé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fi ti ọkọ kún un, ó fi ti ọmọ kún un, ó ń bọ̀ wá sórí ti ilé kíkọ́ nígbà tí Misis Adéníyì dìde, tó yí tábìlì po, tó wá dúró lẹ́yìn ọmọbìnrin náà.

"Bàtà rẹ ti ya."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìka ẹsẹ̀ rẹ wà níta."

"Ó ti ń wá ọ̀nà jáde láti àárọ̀, mà."

Pásítọ̀ Oyèdèjì wúkọ́ sínú ọwọ́. Olúyẹ́misí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ láìgba àṣẹ, ó fa bàtà méjèèjì yọ, ó na ẹsẹ̀. Nígbà tí pajápajá fi í sílẹ̀, ó dìde, ó dúró lórí símẹ́ńtì tútù pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàbá bàbá rẹ̀ lójú gbogbo wọn.

Misis Adéníyì wò ó. "Pásítọ̀, mo ti sọ tèmi. Tíṣà ni àwọn ọmọ máa ń wò. Bí èyí bá dúró níwájú kíláàsì báyìí, wọ́n á rò pé ìyá olówùú kan ló ṣìnà wọlé."

"Ẹ fi bàtà sílẹ̀, Misis!" ni Olóyè wí. "Ẹ wo ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ rí bó ṣe pẹ́ nílẹ̀?"

"Kì í ṣe ìkúnlẹ̀ la fẹ́ kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ yìí, Olóyè."

"Kí wá ni? Bàtà? Èmi tí mo fún yín nílẹ̀, bàtà wo ni mo wọ̀ kí n tó fún un yín?"

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ilẹ̀."

Ọ̀rọ̀ di ìjà. Wọ́n ń jà lórí Olúyẹ́misí bí ẹni méjì tó ń fa aṣọ kan ní ọjà, aṣọ náà sì dúró láàárín wọn, ó ń gbọ́. Olúyẹ́misí wo ẹnu Olóyè, ó wo ìbọ̀wọ́ Misis. Ìbínú tó ti há sí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ láti Ọjà Igbó gòkè wá sí ẹnu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́ mà."

Àwọn méjèèjì yíjú sí i.

"Bàbá, mo dúpẹ́ àdúrà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀wọ̀ ló mú mi pẹ́ nílẹ̀. Pajápajá ni. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ọ̀wọ̀ mi kò gùn tó yẹn." Ojú Olóyè ṣú. Olúyẹ́misí rí i pé ó ṣú, ó rí àtẹ òwú ìyá rẹ̀ gbangba níwájú, kò sì lè dúró mọ́. "Mà, ìyá olówùú tí ẹ wí yẹn, ìyá mi ni. Òwú ló fi rán mi níwèé. Ẹsẹ̀ mi kò jalè, kò purọ́, kò sì dẹ́ṣẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kí n wọ bàtà tí wọn kò rán fún mi. Bàbá ní kí n kúnlẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan náà lẹ̀yin méjèèjì ń rán níṣẹ́ méjì, nígbà tí kò lè jẹ́ ẹ, ẹ ní ẹsẹ̀ ni kò dáa. Láti ìgbà tí mo ti wọlé, kò sí ẹni tó bi mí pé kí ni mo mọ̀. Bí ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ gbà síṣẹ́, ẹ̀ bá ti sọ, ǹ bá má gbé orí mi wá."

Pásítọ̀ Oyèdèjì ṣí bébà rẹ̀, ó tún pa á dé.

"Ó dáa," ni ó wí. "Ká ní àwa mẹ́ta yìí ni kíláàsì àkọ́kọ́. A kò tíì mọ ìyọkúrò. Kọ́ wa."

Olúyẹ́misí yíjú wo pátákó, kò rí ẹfun níbẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó mú bàtà tó ya. Ó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ dé ibi tó lè wọ̀ dé, ó gbé e síwájú kí wọ́n lè rí i.

"Ẹ̀yin ọmọ, ìka mélòó ló wà ní ẹsẹ̀ kan?"

"Márùn-ún," ni Pásítọ̀ wí.

"Márùn-ún ló wọlé. Bàtà fún wọn. Ọ̀kan bínú, ó jáde." Ó mi ìka kékeré tó yọ síta náà. "Mélòó ló kù nínú ilé?"

"Mẹ́rin!" ni Olóyè Bámgbóṣé kígbe, kó tó rántí pé òun ń bínú.

Olúyẹ́misí kò rẹ́rìn-ín. Ó gbóríyìn fún un bó ṣe yẹ kí tíṣà ṣe, ó tún bi í bí ìka méjì bá jáde, Olóyè sì tún dáhùn, ó gbà á. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ báyìí lórí símẹ́ńtì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, ó ń bi Pásítọ̀, ó ń bi Misis. Misis Adéníyì kò kọ́kọ́ fẹ́ dáhùn. Nígbà tí Olúyẹ́misí dúró dè é, tó sì ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó mọ̀ ọ́n tó ń tijú, ó ní, "Méjì," lóhùn ìsàlẹ̀.

Wọ́n ní kó bọ́ síta. Ó gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ "ilẹ̀" lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí wọ́n pè é padà, Pásítọ̀ ló sọ̀rọ̀. Wọ́n gbà á.

"Mo fọwọ́ sí i," ni Olóyè wí, ó ń tún agbádá rẹ̀ ṣe. "Ṣùgbọ́n àdúrà tí mo ṣe fún ọ yẹn, mo gba ìdajì rẹ̀ padà."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ìdajì náà pọ̀."

"Ṣùgbọ́n bàtà o," ni Misis wí. "Tíṣà wa kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán wọ kíláàsì. Bàtà tó bójú mu ni kó wọ̀."

"Ojú ta ni, mà?"

Misis Adéníyì fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nù orí tábìlì níbi tí kò ti sí eruku.

Olúyẹ́misí rìn gba Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ kọjá pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ gaga, fìlà bíi ti àwọn àǹtí tíṣà lórí, bàtà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ nílẹ̀. Àwọn èèyàn dúró wò ó. Màmá Ọ̀yọ́ rí i lókèèrè, ó gbé ọwọ́ lérí.

"Olúyẹ́misí! Wọ́n lé ọ?"

"Wọ́n gbà mí, Màmá Ọ̀yọ́."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn?"

"Òun ni mo mú lọ, mà. N ò ní òmíràn."

Màmá Ọ̀yọ́ yin Olúwa, ó fò, ó kọrin, lẹ́yìn náà ó wo ẹsẹ̀ náà, orin kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó ní kí wọ́n tètè máa lọ sọ́dọ̀ Josiah aránbàtà kí gbogbo àdúgbò tó rí i tán. Josiah wà ní ìdí igi, àwọn bàtà tí àwọn ọ̀dọ́ ní kó rán wà níwájú rẹ̀, gbogbo wọn ní ẹnu ṣóńṣó bíi ti Kareem.

"Irú èyí ló wà lóde, àǹtí," ni ó wí. "Ṣé kí n ṣe é kó gún báyìí?"

"Ṣé ìka ẹsẹ̀ mi ló gún?"

Josiah tẹ́ bébà sílẹ̀. Olúyẹ́misí gbé ẹsẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ bo bébà, ó sì yọ síta. Josiah mú bébà kejì wá, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti àkọ́kọ́, ó fi lẹ́ẹ̀dì tẹ̀ lé etí ẹsẹ̀ láti gìgísẹ̀ bọ̀ wá síwájú. Nígbà tó yà á tán, Olúyẹ́misí gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó wò ó dáadáa.

"Ìka mi kékeré dà?"

"Mo dín in kù díẹ̀ ni. Kó lè lẹ́wà."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dín in kù?"

"Àǹtí, àwọn obìnrin mìíràn, bí mo ṣe máa ń ṣe é fún wọn nìyẹn. Wọ́n máa ń dúpẹ́."

"Ẹ dá a padà."

Màmá Ọ̀yọ́ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Olúyẹ́misí, jẹ́ kó bá ọ dín in díẹ̀, ta ló máa mọ̀?"

"Ìka náà á mọ̀, mà." Ó tún gbé ẹsẹ̀ lé bébà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí. "Ẹ dá a padà sí ibi tó wà."

Josiah mí kanlẹ̀, ó fi itọ́ pa ìlà tó kọ́kọ́ fà rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìka náà níbi tó wà.